Ebè Tí Bàbá Àgbà Kọ Sẹ́yìn Ilé Òyìnbó

Àwọn ará ilé ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀ nípa bàbá àgbà wa tí a sin ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò yìí, nítorí pé èmi nìkan ni mo mọ̀wé nínú agboolé wa ní Òkè-Ìlá, ní Adó, báyìí. Ẹnì kejì tó mọ̀wé, àbúrò mi Bámidélé, tí a ń pè ní Délé, wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì tíì gbọ́ pé Bàbá ti kú. Èmi ló yẹ kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i. N kò tíì kọ ọ́. Ẹ̀rù lẹ́tà yẹn ló ń bá mi jókòó bí mo ti ń kọ èyí, nítorí náà bí ẹ bá rí i pé mo ń yí ọ̀rọ̀ kan ká láìtètè sọ ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi.

Òjó lorúkọ rẹ̀. Ìjọ sàmì fún un nígbà tó ti darúgbó, wọ́n sì sọ ọ́ ní Jékọ́bù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró ní Ọjà Ọba tí ẹ béèrè Jékọ́bù, kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tí ẹ ń wí. Òjó Elébè ni gbogbo ìlú mọ̀. Kò ga, kò sì sanra, àfi ọwọ́ rẹ̀ tó tóbi bíi pé ẹlòmíràn ló ni ín. Bó bá kọ ebè kan tán, á fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá a lẹ́ẹ̀mejì, á wá fi àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí díẹ̀, bí ẹni ń fọwọ́ kan orí ọmọ. Kì í kánjú. Bí àwa tí a tẹ̀ lé e lọ sí oko ọ̀nà Ìgbémọ̀ bá ń sáré kọ tiwa kí a lè lọ jókòó lábẹ́ igi, á dá wa padà sórí ebè tí a ti kọ, á ní, "Usu ló máa gbé inú ẹ̀, kì í ṣe ìwọ."

Usu ló ń pe iṣu, ulé ló ń pe ilé, gẹ́gẹ́ bí gbogbo àgbà wa. Kò sì fẹ́ kí n máa pe òun ní "ẹ̀yin". Ilé-ìwé ló kọ́ mi ní ìyẹn. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ta ni èkejì mi?" Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ "ó" nípa rẹ̀ níhìn-ín. Kí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ má ṣe rò pé mo rí àgbà fín.

Ohun tó gbà gbọ́ jù lọ ni àáró. Ó ti gbà á gbọ́ kó tó ṣe ìsàmì, lẹ́yìn ìsàmì náà kò yí padà. Èmi bá ọ kọ ebè lónìí, ìwọ bá mi kọ lọ́la, a jọ kọ ti ẹnì kẹta wa lọ́túnla, títí yóò fi kárí. Kò sí owó níbẹ̀. Bí ara ẹnì kan kò bá yá, ẹbí rẹ̀ á dúró fún un, a ó sì ka ọjọ́ náà sí ti ẹni tó dùbúlẹ̀. Bàbá ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Ọ̀ṣọ́, tí wọ́n jọ ń ṣe àáró láti ìgbà èwe. Ọ̀ṣọ́ kú lójijì nígbà tó ku ọjọ́ méjì tí Bàbá máa bá a ṣe. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó gba oko Ọ̀ṣọ́ lọ. Opó náà rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní, "Òjó, padà sí ulé. Ẹni tó o fẹ́ bá ṣe é kò sí mọ́." Bàbá kò tilẹ̀ dúró. Ó ní, "Ọ̀ṣọ́ ló kú. Èmi ò tíì kú."

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti àìsàn náà, bí n kò tilẹ̀ fẹ́. Àjàkálẹ̀ àrùn tó dé lẹ́yìn ogun àwọn òyìnbó pa bàbá wa àti ìyá wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó mú èmi náà, ó sì fi mí sílẹ̀. N kò mọ ìdí. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti wà lára mi. Bí ẹnì kan bá wúkọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ọkàn mi á fò. Bí ẹni tó ń bẹ ilé-ìwé wò bá ń bọ̀, n kò ní lè jẹun. Àwọn ọmọ kékeré ni mo ń kọ́ ní ABD, àwọn nìkan ni n kì í bẹ̀rù. Nígbà tí àrùn náà mú Délé, tó ṣì kéré, èmi àgbàlagbà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi wọlé. Bàbá wà nínú yàrá, ó gbé orí ọmọ náà lé itan. Ó gbójú sókè, ó rí mi. Kò bú mi. Ó ní, "Máa bẹ̀rù, ṣùgbọ́n gbé omi wá."

Délé yè. Nígbà tó dàgbà, ó ní ìmọ̀ ìṣègùn lòun fẹ́ lọ kọ́. Ìjọ ràn án lọ́wọ́, àwọn kan san owó ọkọ̀ ojú omi àti ti ilé-ìwé fún un, wọ́n ní kó lọ wá oúnjẹ àti ibùsùn fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Bó ṣe di ẹni tó ń kàwé tó sì ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà rẹ̀ fún Bàbá. Bàbá kì í fọwọ́ lẹ́rán gbọ́ lẹ́tà. Á máa pọ́n àdá tàbí kó máa ṣa ẹ̀wà, etí rẹ̀ á sì wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́dọ̀ ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, nítorí pé mo máa ń fo ibi tó bá burú. Nínú lẹ́tà kejì tàbí ìkẹta, Délé kọ ọ́ pé nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni òun ti ń fọ àwo ní ilé oúnjẹ kan, lọ́jọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀, láti ìgbà tí ilé-ìwé bá ti jáde títí wọn yóò fi ti ilẹ̀kùn. Ó ní ọṣẹ ibẹ̀ ń bó òun lọ́wọ́. Ó ní àgbàlagbà òyìnbó kan tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀ ló ń nu àwo tí òun bá fọ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀. Ó ní oorun ti ń gbé òun lọ lórí ìwé. Mo fo ti ọwọ́, mo fo ti oorun. Nígbà tí mo ń kà á lẹ́ẹ̀kejì, Bàbá dá òkúta ìpọ́nrín dúró.

"O mí níbí yìí nígbà àkọ́kọ́. Kí lo fò?"

Mo kà á fún un.

Ó fa àdá lórí òkúta lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Ọjọ́ wo ni àwọn náà ń wá bá a ṣe tiẹ̀?"

"Bàbá, kò ní oko níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Ìwé loko ẹ̀. Wọn ò sì lè bá a kà á."

"Owó ni wọ́n ń fún un."

"Owó ni wọ́n ń fún un, ọjọ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀," ó ní. "Àbí ìwọ ò gbọ́ ohun tí ìwọ fúnra ẹ kà? Ọjọ́ ló ń wá. Ó nílò ẹni tó máa dúró fún un."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí síbẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wà ní Ọjà Ọba nígbà tí ọkùnrin ará Ìjẹ̀bú kan tó ń se oúnjẹ fún òyìnbó tó ń bójú tó iṣẹ́ ọ̀nà já sí iwájú mi. Kúkù ni gbogbo wa ń pè é. Òyìnbó náà, Ajíwọnlẹ̀ ni ìlú ń pè é, nítorí pé láti òwúrọ̀ ló ti máa ń fa ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ kiri.

"Tísà," Kúkù ní, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá wo bàbá yín. Wọ́n ti ń walẹ̀ lẹ́yìnkùlé ọ̀gá mi láti ìdájí. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá, wọ́n ní kí n má dí àwọn lọ́wọ́."

Mo sáré gun òkè ilé òyìnbó náà, mo ń ro irú ẹ̀sùn tí wọ́n máa fi kàn mí. Lẹ́yìn ilé náà, ilẹ̀ rọra ń dagẹ̀rẹ̀ lọ sí etí odò kékeré kan. Bàbá wà níbẹ̀, ó ti bọ́ ẹ̀wù, ó ti kọ ìlà ebè méjì. Ajíwọnlẹ̀ dúró lókè, ó fi páìpù sẹ́nu, ó ń wò ó.

"Bàbá, kí lò ń ṣe níbí?"

"Mo ń bá Délé ṣe é." Kò gbójú sókè. "Kúkù, sọ fún un. Sọ pé èmi ni bàbá àgbà ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn ní ulé wọn. Ọjọ́ Délé ni mo wá dúró fún. Kó kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sáwọn ará ulé ẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà máa rí ọjọ́ kan kàwé."

Kúkù wo mí. Ajíwọnlẹ̀ náà wo mí. Nínú gbogbo wa níbẹ̀, èmi ni mo gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa, èmi ni mo sì mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà náà. Ká ní mo sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá péré, gbogbo rẹ̀ ì bá ti yanjú. Mo bojú wo ilẹ̀, n kò sọ ọ́. Kúkù bá fi èdè òyìnbó tirẹ̀ sọ pé bàbá arúgbó náà ń tọrọ ilẹ̀ díẹ̀ fi gbin iṣu, pé kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ajíwọnlẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Kúkù yíjú sí Bàbá, ó ní, "Wọ́n ní wọ́n ti gbọ́."

"Kó ṣeun," Bàbá ní, ó sì tẹ̀ mọ́ ilẹ̀.

Nígbà tí Bàbá parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, Ajíwọnlẹ̀ na ṣílè kan sí i. Bàbá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọdé. Ó sọ fún mi, kì í ṣe fún òyìnbó náà, pé, "Bí mo bá gba èyí, ọjọ́ náà ti di tèmi."

Gbogbo Sátidé ló ń lọ láti ìgbà náà. Ilẹ̀ ṣì rọ̀ nígbà yẹn, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni. Kúkù ń gbin iṣu sínú ebè náà, inú rẹ̀ sì ń dùn. Lọ́jọ́ kan Ajíwọnlẹ̀ gbé ẹ̀wọ̀n rẹ̀ jáde, ó wọn àlàfo tó wà láàárín ebè sí ebè, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó pe Kúkù, ó ní nínú gbogbo àwọn tó ń bá òun ṣe ọ̀nà, kò sí ẹni tó lè fa ìlà tó gún báyìí láìta okùn. Bàbá dúró ti ọkọ́ rẹ̀, ó ń fura. Nígbà tí òyìnbó náà lọ, ó ní, "Kí ló ń wọ̀n? Ṣé ó rò pé mo gé ulẹ̀ ẹ̀ jẹ ni?"

Ìlú kò dákẹ́. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló máa ń roko ilé òyìnbó, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá Àlàó tó ń gé irun létí ọjà, tí wọ́n ti jọ ń bú ara wọn láti bí ọgbọ̀n ọdún, ké sí i lójú gbogbo ènìyàn: "Òjó, a gbọ́ pé o ti wẹ̀wọ̀n. Nọ́ńbà mélòó ni wọ́n fún ọ?"

"Wọn ò tíì fún mi," Bàbá ní. "Ìwọ tó o ti wà lẹ́wọ̀n ìyàwó mẹ́ta, mélòó ni tìẹ?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi nìkan ni n kò lè rẹ́rìn-ín. Alàgbà kan nínú ìjọ ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kò dára kí bàbá tísà máa ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́wọ̀n. Mo gbìyànjú láti dá Bàbá dúró ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní, "Bàbá, àwọn òyìnbó ò mọ àáró."

"Ṣé o ti kọ́ wọn ni?"

"Wọn kì í ṣe ẹbí kan náà. Ajíwọnlẹ̀ ò mọ ẹni tó ni ilé oúnjẹ yẹn rí."

"Ọ̀ṣọ́ náà ò mọ bàbá ìyàwó mi rí," ó ní. "Nígbà tí mo ń fẹ́ ìyá àgbà rẹ, ọjọ́ méjì ni Ọ̀ṣọ́ bá mi kọ ebè lóko bàbá ẹ̀."

Kò pẹ́ sígbà náà, lẹ́tà kan dé. Délé kọ ọ́ pé òun ti rí Ọjọ́bọ̀ gbà sílẹ̀, òun sì ti ń fi í kàwé. Ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀: ilé-ìwé ti tún ètò ẹ̀kọ́ ṣe ni. Ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ni mo kà fún Bàbá, mo fo ìdí náà. Bàbá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde dúró, ó rìn yí àgbàlá ká, ó tún jókòó. Nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo mí níbi tí mo ti fò ó, mo sì ń retí kó bi mí. Kò bi mí. Ó kàn ní, "Wọ́n gbọ́."

Mo ti ronú lórí ọjọ́ yẹn púpọ̀. Mo lè sọ pé mo fẹ́ kínú rẹ̀ dùn ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí láti jẹ́ ẹni tó máa bà á jẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà kò dé mọ́. Ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà bọ̀ láti Èkó ń dé, mo ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, mo ń padà lọ́wọ́ òfo. Oṣù kan kọjá, ó di méjì, ọyẹ́ dé. Mo ń lá oríṣiríṣi àlá nípa Délé, n kò sì sọ ọ̀kankan. Bàbá ro ọ̀rọ̀ náà lọ́nà tirẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ kan kò tó." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní Ọjọ́rú pẹ̀lú. Ilẹ̀ ti le bí òkúta nígbà náà. Ẹ ó máa gbọ́ ìró ọkọ́ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè. Eruku ọyẹ́ wọ̀ ọ́ láyà, ó ń wúkọ́, ìkọ́ náà sì ń mú kí n máa sá fún un nínú ilé, ẹ̀mí mi ò gbà á. Mo bẹ Kúkù pé kó sọ fún Bàbá pé ọ̀gá òun ní ó ti tó. Kúkù sọ ọ́. Ó wá jíṣẹ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé.

"Tísà, mo sọ fún wọn pé ó ti tó. Wọ́n bi mí pé, ṣé Délé ti délé ni?"

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá kò lè dìde mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí mo wọ yàrá náà. Mo gbé omi dání, mo gbé e sí i lẹ́nu. Ó mu díẹ̀. Ó ní, "Ó ku ti ìsàlẹ̀, létí odò. Ìlà méje ni." Ó wo ojú mi, ó sì mọ ohun tó rí níbẹ̀. Ó ní, "N ò ní kó o lọ. Mo kàn ní ó kù ni."

Ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ló kú, ní òwúrọ̀.

Lẹ́tà Délé dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí a sin ín. Mo kà á ní kíláàsì mi lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ. Àìsàn àyà ló mú òun, ó ní, òun sùn sí ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun kò lè di kálámù mú. Ó rò pé wọ́n ti gba ẹlòmíràn síbi iṣẹ́, pé bí òun bá jáde, kò ní sí oúnjẹ, ilé-ìwé yóò sì parí síbẹ̀. Nígbà tó padà lọ, àyè rẹ̀ ṣì wà. Àgbàlagbà òyìnbó tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀ yẹn, tí kì í sọ̀rọ̀, ló ti ń fọ àwo Délé pọ̀ mọ́ èyí tó ń nù, fún gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà. Délé bi í pé kí ló dé tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà ní, "Ara rẹ kò yá ni." Délé ní òun ń múra ìdánwò tó kẹ́yìn báyìí, ó ku oṣù méjì. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà ló kọ ọ́ sí pé: "Ẹ ka ti àgbàlagbà yìí fún Bàbá dáadáa, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́ sí mi. Ohun tí wọ́n bá sọ ni mo máa fi ṣe ìdánwò náà."

N kò sọ pé nǹkan kan ti Adó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ènìyàn dáadáa wà níbi gbogbo, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ nìkan ni. Mo mọ̀ pé Ajíwọnlẹ̀ kò kọ lẹ́tà kankan nípa Bàbá, nítorí mo wà níbẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Ṣùgbọ́n mo ka lẹ́tà náà sókè lẹ́ẹ̀mejì nínú kíláàsì tó ṣófo yẹn, bí mo ṣe máa ń kà á fún un, n kò sì fo ibì kankan.

Bí mo bá sọ òótọ́ fún Délé, ó lè sọ ìdánwò náà nù. Bí n kò bá sọ ọ́, mo tún ti ka ìdajì fún un nìyẹn. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní Sátidé, mo mú ọkọ́ Bàbá, mo gun òkè ilé òyìnbó.

Kúkù jáde sí mi. Ó wo ọkọ́, ó wo ṣòkòtò tísà tí mo wọ̀.

"Tísà, Bàbá ti kú o."

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Èmi ò tíì kú."

N kò mọ ìgbà tó ti ẹnu mi jáde. Kúkù yà fún mi lọ́nà. Iṣu tó wà lókè ti ń yọ ọwọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò, ilẹ̀ ti rọ̀, ọwọ́ mi sì bó kí n tó kọ ìlà kan tán. Kúkù wá wò ó.

"Ebè yín wọ́."

"Mo mọ̀."

Ìlà mẹ́rin ni mo ti kọ títí di àná. Mo fẹ́ parí rẹ̀ kí n tó kọ lẹ́tà sí Délé, kí n lè sọ fún un pé Bàbá ti kú, pé ọjọ́ rẹ̀ ni Bàbá ń dúró fún títí ó fi dùbúlẹ̀, àti pé kò sí èyí tó kù sílẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ó ku ìlà mẹ́ta.